Ìmọ́lẹ̀ Òṣùpá

Bí mo bá ti gbóòórùn epo àtùpà, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Abidjan ni mo máa ń rántí. Ìyá mi ń da epo inú àtùpà wa dànù, ó ń fi aṣọ wé e sáàárín ẹrù.

"Màámi, olùkọ́ ní ká béèrè ohun tí wọ́n ń pe *clair de lune* nílé wa."

"Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Bó bá mọ́lẹ̀ kedere lóru, òun nìyẹn. Di okùn yìí mú!"

"Kí la máa tàn lálẹ́?"

"Òun náà ni. Ẹnu rẹ kì í sinmi!"

Ó tún sáré lọ yọjú lójú fèrèsé. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń lé àwa àjèjì kúrò nílùú. Lọ́sàn-án yẹn, ìdáhùn náà ni mo ń tún sọ lẹ́nu, kí n má baà gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò fojú kan kíláàsì náà mọ́.