A Kì Í Pe Máṣíìnì Padà

Mùíbì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kì í fi ojú wo ẹ́ńjìnì kó tó fi etí gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbé máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní abúlé Garki, a ní kí ẹni tó gbé e wá tẹ̀ ẹ́ kó máa dún, a mú sìkúrù-dírífà gígùn kan, a fi irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, a sì fi ìdí rẹ̀ tó jẹ́ igi ti ihò etí. Á di ojú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ṣì í.

Abúlé Garki ní Àbújá ni mo wí, kì í ṣe Garki ti Area 1 tí àwọn ọ́fíìsì wà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ló kángun sí tirẹ̀, páànù kan ló là wá láàárín. Ọdún 1983 ló dé, nígbà tí ibi tó pọ̀ jù ní ìlú yìí ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa àti katakátá. Ọdún 1988 ló kúrò, ó gba ọ̀nà Gwagwalada lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, bí mo ti rí i, n kò ní fi kún un.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé èrò ló ń wá bá a jù, kó bá wọn mú kí máṣíìnì sáré. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. A máa sọ fún wọn pé, "Bíréèkì rẹ ò tíì lè dá eré tí o ní dúró, o tún ń wá òmíràn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Iṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni kí máṣíìnì lè gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni Ràdíátù ti bá a, nígbà òjò ọdún 1986. Ọmọ Ìlọrin ni, nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, Alájì Sànúsí tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló ń gbé. Ìjọba fún un ní máṣíìnì kó máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé Gbàgyí, láti Apo títí dé ọ̀nà Karshi. Inú kúlà ni abẹ́rẹ́ náà ń wà pẹ̀lú yìnyín, a so ó mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì. Ṣùgbọ́n máṣíìnì náà kò lè gun òkè. Tó bá dé ìdí òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í, oòrùn á máa pa kúlà, yìnyín á yọ́. Abẹ́rẹ́ tí ooru bá ti mú kò wúlò mọ́. Ó ti da abẹ́rẹ́ nù rí lójú àwọn ìyá tó gbé ọmọ dúró dè é.

"Ọ̀gá Mùíbì, ewúrẹ́ ń ya mí sílẹ̀ lórí òkè," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ jókòó.

Mùíbì ò gbójú sókè. "Ẹ kúkú gun ewúrẹ́."

"Mo ti tọrọ ewúrẹ́. Wọ́n ní ìjọba ò ní èyí tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn."

Ìgbà yẹn ló tó wò ó. "Ará Ìlọrin ni yín."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹnu yín ni. Ẹ́ńjìnì tí kò ní sàlẹ́ńsà."

Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn páànù, mo rò pé yóò bínú. Ràdíátù fa táyà kan sún mọ́ra, ó jókòó lé e, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ tún ti máṣíìnì ṣe ná. Ti ẹnu mi á tẹ̀lé e."

Mùíbì tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀. Máṣíìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni, inú sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì ti dí fún èédú; ó fi iná sun ún, ó ha á títí irin fi yọ. Ó tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, ó gbé orí ẹ́ńjìnì lé e, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń lọ ata, kí àyè tí epo ti ń gbiná lè há sí i, kí agbára rẹ̀ sì le. Ó fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ dán ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Irin eléyín tó ń fa ṣéènì níwájú, ó yọ ọ́, ó fi èyí tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí máṣíìnì dín eré kù, kó sì lè fa ẹrù. Lẹ́yìn náà ló kan kàbúrétọ̀. Nínú rẹ̀ ni irin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni epo ń gbà. Bí ihò náà bá tóbi jù, ẹ́ńjìnì á mu epo yó, á máa rú èéfín. Bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnì á gbẹ, á gbóná, písítìnì á wú, á sì gán mọ́ inú ilé rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ni Mùíbì fi ń mọ èyí tó tọ́: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Ìgbà òjò ni, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì kékeré ló fi sí i. Ó bá a mu.

Ó mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó sì tutù, jẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní tó mọ́. Kò sọ ọ́ fún un. Òfin kan wà láàárín àwọn mẹkáníìkì ọ̀nà wa nígbà náà: bí máṣíìnì bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sọ fún ẹni tó ni ín pé kó gbé e padà wá, wọn kì í sì í ránṣẹ́ pè é. Bí ẹni tó ń kan pósí kì í ti í kí oníbàárà pé ó dìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó pe máṣíìnì padà ti fi ẹnu pe ìbàjẹ́ wá bá a. Mùíbì kò ka èyí sí wàhálà, torí Ràdíátù ń wá, máṣíìnì bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun òkè Kurudu láìsọ̀ kalẹ̀, tààrà ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí kúlà, ó mú yìnyín tó kù, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Mùíbì. Mùíbì dúró, ó di yìnyín náà mú títí ó fi yọ́ tán, omi dúdú ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa ti mọ̀.

Kí òjò tó dá, àwọn èèyàn Mùíbì láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti lọ sí Ìlọrin lọ tọrọ Ràdíátù, wọ́n fún wọn. Wọ́n ní bí ọyẹ́ bá ti lọ, wọn yóò so yìgì. Ìgbà náà ni Alájì Sànúsí pe Ràdíátù, ó ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà kì í jókòó sí ìsọ̀ ọkọ, ojú á ti ilé wọn. Ó gbà. Bó bá ń kọjá, a yí ojú sí òdìkejì, a máa rẹ́rìn-ín sínú ìborùn rẹ̀. Mùíbì náà ò lè dé ilé Alájì.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí Mùíbì tó dìde lójijì lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ etí sí títì. Ràdíátù ló ń kọjá. Èmi ò gbọ́ ju kí máṣíìnì máa dún lọ. Òun gbọ́ ohun tó gbọ́. Ó kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Jàbárù, àgbà àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, tó ń jẹ obì lábẹ́ igi.

"Bàbá, jẹ́ẹ̀tì máṣíìnì nọ́ọ̀sì ti kéré. Mo fẹ́ ránṣẹ́ kí wọ́n gbé e wá."

"Ó ti bàjẹ́?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń pè é fún? Ìyàwó rẹ lo fẹ́ rí, o wá ń fi máṣíìnì bojú."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Kai, ojú ń pọ́n ọkọ ìyàwó."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó ń dún gbígbẹ."

"Kí ni kì í dún gbígbẹ nígbà ọyẹ́? Ètè mi gan-an ń dún." Bàbá Jàbárù tu obì dànù, ohùn rẹ̀ yí padà. "Mùíbì, a kì í pe máṣíìnì padà. Ti ẹlòmíràn pàápàá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìyàwó ẹni. Bí nǹkan bá ṣe é lẹ́yìn tí o ti fi ẹnu pè é, kí lo fẹ́ wí fún àwọn ará Ìlọrin?"

Mùíbì padà sídìí iṣẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bá Ràdíátù sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Bámiṣayọ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó." Ó ṣì ń rò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé.

Ọ̀nà Karshi ni, níbi tó tẹ́jú, ní òwúrọ̀ tí kùrukùru ọyẹ́ ò jẹ́ kéèyàn rí iwájú. Ẹ́ńjìnì gán. Táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́, máṣíìnì ju Ràdíátù sórí òkúta, ó sì ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló gbé e. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa; kí Mùíbì tó dé ọsibítù, bàbá Ràdíátù ti dé láti Ìlọrin, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun.

Máṣíìnì ni wọ́n gbé wá fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó tú u. Ó tú u. Ó pè mí, ó fi púlọ́ọ̀gì hàn mí: ẹnu rẹ̀ funfun bí eegun.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ, ó ní kí n bá òun dé Ìlọrin, torí kò ní ìyá nítòsí, ọkùnrin kì í sì í dá lọ sílé àna. Wọ́n gbà wá dáadáa. Gbogbo wọn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Bàbá Ràdíátù tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yìgì ṣì wà nílẹ̀. Ràdíátù wà lórí ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà gbọọrọ. Orúnkún náà kò ní ká mọ́.

"Ọ̀gá Mùíbì, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ló gán."

"Òun ni."

"Kí ló mú un gán?"

Mùíbì ṣàlàyé. Ó sọ ti jẹ́ẹ̀tì, ó sọ ti òjò, ó sọ ti ọyẹ́. Ràdíátù tẹ́tí bó ṣe ń tẹ́tí sí i tẹ́lẹ̀ lórí táyà.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Mùíbì lè purọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ nínú iyàrá yẹn àfi èmi, n kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àtìgbà tí mo ti fi sí i. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ń bọ̀."

"Ẹ ò sì pè mí."

"A kì í pe máṣíìnì padà."

"Èmi lẹ ì bá pè," ni Ràdíátù wí. "Kì í ṣe máṣíìnì."

Kò gbé ohùn sókè, kò sì sunkún. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní kó bá wa wá oúnjẹ, pé ọ̀nà wa jìn. Ohùn tí èèyàn fi ń ṣe àlejò ló fi sọ ọ́, n kò sì gbọ́ kó pe orúkọ Mùíbì mọ́ títí a fi dìde.

Lẹ́nu ọ̀nà ni bàbá rẹ̀ ti fà mí sẹ́yìn. "Ìyá Bámiṣayọ̀, ẹ bá wa bẹ Mùíbì, kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọ náà ti kọ̀. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fà á." Mo sọ fún un nínú gáréèjì. Ó mi orí.

A jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí a gun afárá Jẹ́bà, tí odò Ọya là sílẹ̀ lábẹ́ wa, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ẹsẹ̀ wo ni, Ìyá? Mi ò lè wò ó."

Mo sọ fún un pé tòsì ni.