Ètò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ Sínú Pọ́ǹpù

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga ilé wọn ní àdúgbò Koira Kano ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ sínú ṣíìpù kan tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí kò tó èékánná. Láàárọ̀, bí oòrùn bá ti ràn, ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ síta pé "Ẹ kú ojúmọ́ o", omi á sì máa wọ táńkì.

Nígbà ooru tó kọjá, mọ́tò tó ń yí pọ́ǹpù náà jó. Wọ́n ra òmíràn lọ́jà ní Maourey, àmọ́ ètò àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n darí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Ilé aládùúgbò ló ti ń pọnmi, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Èrò mi ni pé màá da ètò náà kọ, kí n tún ibi tó kan mọ́tò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè kà á, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kó tó kú. Irú ṣíìpù yẹn, kò sí ọ̀nà àti ṣí i àyàfi kéèyàn pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Mo jókòó tì í láti ìrun Àílà títí di Alásàárì, mo ń wá ọ̀nà mìíràn. Kò sí. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé ìkíni yẹn náà á lọ.

Ó dúró pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Ọkọ mi, ẹ pa á rẹ́," ló wí. "Àwọn ọmọ fẹ́ wẹ̀."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi oṣù púpọ̀ kọ ò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kó tó lọ. Mo kọ tèmi sí i, mọ́tò ń yí sẹ́yìn. Mo tún pa á rẹ́, mo tún un kọ, omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àbíkẹ́yìn wọn fi Faransé tí wọ́n ń sọ nílé ìwé bi mí bóyá ẹ̀rọ náà á ṣì máa kí wọn. Mo ní mo lè kọ ọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, kí ó ṣáà máa sọ bí omi ṣe kù sí.

Mo ká wáyà mi, mo wọ takisí lọ sílé ní Kalley. Ìyàwó mi bi mí bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo sùn sórí ẹní, mi ò tilẹ̀ jẹun.