Òróró Lẹ́yìn Àwòrán Ìyá Mi

Ọmọ-ọmọ mi po fínígà mọ́ sàláàdì nílé wa ní Mowe lánàá, òórùn kíkan rẹ̀ sì gbé mi padà sí yàrá ṣíṣú tí àbúrò bàbá mi ti ń fọ fótò ní Ìfọ̀.

Ìyá mi ti kú nígbà náà. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní ni èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà, tí ó wà lára ògiri pálọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi yìí, tí ó yọ ọ́, tí ó sì wẹ̀yìn wò. Mo tẹ̀ lé e.

Lábẹ́ iná pupa, ó fi òróró pa ẹ̀yìn pépà náà títí ó fi rin.

“Ẹ ń bà á jẹ́,” mo wí.

“Kí iná lè là á kọjá ni. Má sọ fún bàbá rẹ.”

Ó tẹ́ ẹ lé pépà fótò, ó tan iná funfun sí i. Nínú àwọn abọ́ omi oògùn tí òórùn wọn kan, ìyá mi yọ díẹ̀díẹ̀: ojú rẹ̀ dúdú, irun rẹ̀ funfun.

“Ìyá mi kò hu ewú rí.”

“Ìwọ ọmọ yìí, o burú ju ọlọ́pàá lọ. Nẹ́gẹ́tíìfù nìyẹn; a ó yí i padà.”

Ó yí i padà lóòótọ́, ó sì fi fótò náà sí mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́jú rẹ̀. N kò dúpẹ́. Nígbà tí bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gbé fótò náà lé e lọ́wọ́. Ó ní ọmọ gidi ni mí. N kò rí fótò náà mọ́.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó gbọ́ pé ṣáájú ọjọ́ náà ni bàbá mi ti pàṣẹ fún Bàbá Kékeré kí ó sun àwòrán pẹ́ńsùlù náà kí ìyàwó rẹ̀ tuntun tó wọlé.