Ẹsẹ̀ Aláró

Lánàá, oníbàárà kan tú àdìrẹ tuntun sórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Òórùn aró gba gbogbo yàrá, ojú sì tì mí bí ọmọdé.

Aláró ni ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Aró ti wọ ẹsẹ̀ wọn, kì í ṣí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àǹtí míṣọ́nnárì tó ń kọ́ àwọn ìdílé ní Bíbélì gbé ọpọ́n omi wá sí agboolé wa, bí wọ́n ti sọ fún àwọn ìyá wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, bí Jésù ṣe fọ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró, wọ́n ń wòran.

“Ìyá ẹ dà?” àǹtí bi mí.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti ká ìró sókè díẹ̀. Mo nawọ́ sí Ìyá Olówùú, ìyàwó ilé mìíràn ní agboolé wa, tí ọmọ wọn ti relé ọkọ, tí ẹsẹ̀ wọn mọ́ roro. “Àwọn nìyí, mà.”

Gbogbo ìyàwó ilé là ń pè ní ìyá, kò sẹ́ni tó lè pè é ní irọ́. Èmi mọ̀ pé irọ́ ni.

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ọmọ yín dà?” àǹtí bi ìyá mi.

“Kò sí nílé,” ìyá mi dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n bá mi gbé ọpọ́n náà síwájú Ìyá Olówùú, kó má baà dà nù. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn.

Mo ti dàgbà kó tó yé mi pé láti ìdájí ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọsàn náà ha aró ẹsẹ̀ wọn, nítorí ọwọ́ mi tí ì bá fọ̀ ọ́.