Àpótí Tó Ń Kí Ilé

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Orẹ́gùn, kò sí àpótí tó gbọdọ̀ jí láìkí èèyàn. Òfin ọ̀gá mi nìyẹn. Àwọn àpótí kéékèèké tó ń gbé ìròyìn láti ara ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ dé ọ́fíìsì là ń ṣe. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, tàbí tó bá dákẹ́, àpótí náà á sọ ọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n gbàrà tó bá ti jí, tí iná dé ara rẹ̀, kó tó sọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa: "Ẹ kú ilé o." Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ tí ọmọ Yorùbá bá ṣe kò gbọdọ̀ wọlé bí ewúrẹ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Nígbà tí ọ̀gá mi kú, àwọn àpótí yẹn kò dẹ́kun. Ní àràárọ̀, bí wọ́n bá ti tan iná ní ilé iṣẹ́ oníke tó jẹ́ oníbàárà wa kan ṣoṣo, lápá Agége, ìkíni á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọlé lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé o. Ìyàwó rẹ̀, tó gba ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn rẹ̀, á ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí gbogbo wọn á fi kí i tán. Mi ò gbà pé òkú ń padà wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù máa ń bà mí, mo sì máa ń wá iṣẹ́ ṣe níta lásìkò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò yòókù. Kánẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Kánẹ́ẹ̀lì kì í fúnra rẹ̀ mọ irú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí a to àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, tó wà nínú àpótí. Èèyàn ló máa kọ àpèjúwe bọ́ọ̀dù náà fún un: ṣíìpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀yà kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, nìyí, ẹnu ibi tí okùn ń wọ̀ nìyẹn, báyìí ni kó o ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó o bá kọ ló máa gbà gbọ́. Bó o bá kọ ohun tí kò sí, yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí, kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi ní àṣà kan tí mi ò tíì rí níbòmíì. Ẹni tó bá kọ àpèjúwe á kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnìkejì á fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa fi tọ́ka sí ohun tí wọ́n bá dárúkọ lára bọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kò bá rí, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Bí a ṣe ṣe bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ń kà, èmi ń tọ́ka. Tó bá dé ìlà kan báyìí, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Wáyà ti ṣe sùúrù." Èmi á fi ìgbálẹ̀ kan àwọn wáyà tín-ín-rín kan tó lọ́ bí ìfun lára bọ́ọ̀dù náà, a óò sì kọjá síwájú. Ó sọ ọ́ títí ó fi di orin létí mi.

Àpótí tí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ yẹn wà nínú rẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kankan. Ọ̀gá mi gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Àwọn tó lọ sí Agége jẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré tó ṣe lẹ́yìn náà.

Láìpẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ oníke náà ní ká fi kánẹ́ẹ̀lì tuntun sínú àwọn àpótí wọn nítorí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára àpótí ẹnu ọ̀nà. Ó jí, ó kí wa, inú mi dùn, mo bá lọ fi sínú gbogbo ti Agége. Àwọn náà jí. Iná aláwọ̀ ewé tàn lẹ́nu ibi tí okùn ń wọ̀, ó ń ṣẹ́jú bó ṣe ń ṣẹ́jú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kọjá. Mo dúró níwájú wọn níbẹ̀, iná wọn ń ṣẹ́jú sí mi, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí wínrínwínrín. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wò ọ́ lójú, tó mọ̀ ọ́, àmọ́ tí kò fẹ́ dá ọ lóhùn.

Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà kó gbogbo wọn sínú páálí, ó gbé wọn wá sí Orẹ́gùn fúnra rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àpótí ẹnu ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń tàn, ó bi mí bóyá kánẹ́ẹ̀lì tuntun ló wà nínú ìyẹn náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ìyàwó ọ̀gá.

"Màdáámú, ẹ má bínú o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ yín gbé ojúlówó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ara ẹ̀, ayédèrú ló wá kó fún wa. Abeg, no be so dem dey do business."

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó yẹ kó bú ọkùnrin náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wo páálí náà ṣáá títí ọkùnrin náà fi lọ.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá o, Àǹtí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ṣí páálí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àpótí sórí tábìlì.

"Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gba ibòmíì lọ," ó ní. "Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkùnrin tí mo bá gbé lè ṣe irú ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, àpótí kan ṣoṣo ló ń kí wa láàárọ̀. Àwọn yòókù wà lórí tábìlì tí mo tò wọ́n sí, iná wọn ń ṣẹ́jú, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyàwó ọ̀gá kò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mọ́. Ó gbé àga rẹ̀, ó kọ̀yìn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó dúró sábẹ́ àpótí ẹnu ọ̀nà, tó gbójú sókè. "Ìwọ nìkan, àbí?" ló ń wí. "Ìwọ nìkan ló ṣe dáadáa fún?" Mo rọra padà síta. Inú bí mi sí ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà, inú sì tún bí mi sí ara mi pé mò ń bínú sí òkú.

Mo pààrọ̀ okùn, mo pààrọ̀ iná, mo tú gbogbo ohun tó ṣeé tú. Lọ́sàn-án Sátidé kan, tí àwọn ilé iṣẹ́ àyíká ti palẹ̀ mọ́, tí àdúgbò sì dákẹ́, ìyàwó ọ̀gá fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó tì mí.

"Kà á," ó ní. "Bí ìwọ àti ọ̀gá ẹ ṣe máa ń ṣe."

"Àǹtí, ẹ ò mọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù."

"Orí tábìlì oúnjẹ mi ló ti ya àwòrán ẹ̀. Kà á jàre."

Mo ṣí bọ́ọ̀dù kékeré kan síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí tí kò bá mọ̀, mo máa ń fi hàn án. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, láìmọ̀ọ́mọ̀, mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́ bí ọ̀gá mi ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀: "Wáyà ti ṣe sùúrù." Orí mi wú. Obìnrin náà wò mí, ṣùgbọ́n kò gbé ìgbálẹ̀ náà sọlẹ̀. Ó ń fi í wá kiri lára bọ́ọ̀dù, kò rí ibi tó máa dúró sí.

"Wáyà tó lọ́ yẹn dà?" ó ní. "Kò sí níbí."

Mo gun àga, mo sọ àpótí ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, mo sì tú u. Wọ́n wà níbẹ̀, gbogbo wọn, lílọ́ bí ìfun. Ìgbà náà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un nìyí. Ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà àti ṣíìpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bá ìpàtẹ́wọ́ kan rìn, tó ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé "ó yá, gbọ́ ọ." Ìpàtẹ́wọ́ yẹn gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á já. Lára bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, wáyà gígùn tó lọ́ yẹn ló ń mú kó pẹ́. Ohun tí ìlà náà ń sọ fún kánẹ́ẹ̀lì nìyẹn: wáyà ti dúró, kí ṣíìpù má dúró mọ́. Bọ́ọ̀dù kékeré kò ní àyè fún wáyà tó lọ́, ọ̀gá mi bá fi nǹkan kékeré kan tí kò ju hóró gààrí lọ síbẹ̀, kí ṣíìpù máa dúró fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, àmọ́ àpèjúwe ti àkọ́kọ́ ló ṣì lò fún un. Kánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò sì ka ìlà yẹn sí rárá. Tuntun yìí ló kà á, ó gbà á gbọ́, ó sì dá ṣíìpù lẹ́kun dídúró.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò rí i nígbà tẹ́ ẹ kà á?"

"A ò kà á, Àǹtí. Orí bẹ́ẹ̀dì àìsàn ni ọ̀gá ti ṣe kékeré yìí. Ohùn ti lọ lẹ́nu wọn."

Ó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀.

"Kì í ṣe pé ó yàn wọ́n jẹ?"

"Rárá. Wọ́n gbàgbé láti yí ìlà kan ni."

"Ó gbàgbé," ó ní. Ó tún un sọ, "ó gbàgbé," ẹ̀rín àti ẹkún sì jọ mú un. "Ọkùnrin tó ń wá ìgò ojú kiri ilé, tó sì wà níwájú orí ẹ̀!"

Ó ní òun fúnra òun ló máa tún un ṣe. Mo fi ibẹ̀ hàn án, ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà díẹ̀ tó máa sọ fún kánẹ́ẹ̀lì pé kí ṣíìpù dúró fúnra rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo fi àpèjúwe náà sínú àpótí kan, mo ki okùn bọ̀ ọ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ó ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ kú ilé o."

Ìyàwó ọ̀gá dìde dúró bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Kí ló dá yín dúró?"