Ọ̀fíọ̀ fún Máníjà

Bí wọ́n ṣe wó àtíbàbà Mọ̀nsúrát dùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ kí wọ́n tó wó o ló dùn ún jù.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ta àdàlú létí adágún kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ oníke ní Sango-Ọ̀tà. Ìyá Fáìzàh ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Obìnrin tó fẹ́ràn ètò ni. Kì í bu oúnjẹ fún ẹni tó bá já ìlà, ìbáà jẹ́ ọ̀gá. Abọ́ tánganran rẹ̀ mẹ́jọ máa ń wà nínú ara wọn láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ké ní aago méjì, á fọ ìkòkò àárọ̀ létí omi kí ó tó ṣí ti ọ̀sán, á sì da omi àti èépá ẹ̀wà tó kù nídìí rẹ̀ sínú adágún.

Ohun tó bọ́ àwọn ẹja ibẹ̀ nìyẹn. Kòtò yẹ̀pẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó kún fómi, òyìnbó kan kó ẹja káàpù wẹ́wẹ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìpẹ́ káàpù tóbi, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣókí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kì í sì í yéé tóbi. Èyí tó tóbi jù ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Máníjà, nítorí, bí wọ́n ti wí, ó ń sanra lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Alàgbà Ephraim, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà, ti lé Máníjà fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ ti ìlú òyìnbó wá, ó sì ní àga tó ṣeé ká. Síbẹ̀, kò rí ju ìrù ẹja náà lọ. Nígbà tí ó sú u, ó wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ọjọ́ ìpàdé onílé, Mọ̀nsúrát gbé oúnjẹ wá fún wọn bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Alága dìde, ó nàka sí i.

"Ìdọ̀tí obìnrin yìí ló ba omi wa jẹ́. Ẹja gidi kì í jẹ ìjẹ níbi tí wọ́n bá ń da ẹ̀gbin sí."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín, àdàlú ṣì wà lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wó àtíbàbà, wọ́n sì ri pátákó mọ́ ibẹ̀: A KÒ GBỌDỌ̀ DA ÌDỌ̀TÍ SÍBÍ.

Mọ̀nsúrát kò sunkún. Ó to abọ́ mẹ́jọ rẹ̀ sínú ara wọn, ó gbé wọn lérí, ó sì wo omi náà títí. "Ẹja tí oúnjẹ mi bọ́," ó wí sínú, "inú ìkòkò mi ni yóò parí sí."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ó ti ń tajà lójú ọ̀nà Ìjòkó, níbi tí oníbàárà ti ń kọjá bí ẹni pé ajá ń lé wọn. Nùrẹ́nì, ọlọ́dẹ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà, ló wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá Fáìzàh, ẹ gbọ́ tuntun? Alága fẹ́ ṣe ìdíje ẹja pípa. Sátidé tó parí oṣù. Ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú Máníjà, òun ló ni ín, fìríìsà tuntun sì tún wà fún un."

"Àwọn onílé nìkan ni?"

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni."

"Tún un sọ."

"Ẹnikẹ́ni! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ọkàn wọn balẹ̀ ni. Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tí ìyá rẹ̀ bí tó lè mú un."

Mọ̀nsúrát fi dòdò mẹ́rin lé oúnjẹ Nùrẹ́nì, ohun tí kò ṣe fún un rí.

Apẹja ni bàbá rẹ̀ lórí odò Yewa, ní apá Adó-Odò. Ó máa ń sọ pé ẹja tó bá ti darúgbó kì í gbé ìjẹ mì. Á kọ́kọ́ fi ètè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mọ̀nsúrát sì ti fojú ara rẹ̀ rí i létí adágún: Máníjà á fa èépá ẹ̀wà mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, á tu òkúta dànù, á gbé ẹ̀wà mì. Bí ìjẹ bá bo ẹnu ìwọ̀, ìwọ̀ kò ní lè gún un; bí ó bá ti kan irin, á tu gbogbo rẹ̀ jáde. Mọ̀nsúrát pinnu pé òun kò ní fi ìjẹ kọ́ ìwọ̀ rárá. Òwú ni òun yóò fi so ìjẹ mọ́ ìdí ìwọ̀, kí ìwọ̀ wà níhòòhò. Bí ẹja bá fa ìjẹ, ìwọ̀ á bá a wọlé. Bí ó bá fẹ́ tu ú, ìwọ̀ á kọ́ ọ létè.

Ìjẹ wo? Epìyà kéékèèké á já ẹ̀wà jẹ kí ẹja ńlá tó dé. Ọ̀fíọ̀ ló yàn, nítorí ó le. Eyín tó wà lọ́nà ọ̀fun Máníjà nìkan ló lè fọ́ ọ. Ó rẹ ẹ́ mọ́jú, ó sè é, ó sì fi í sínú omi rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, títí ó fi ń yọ̀, tí ó sì ń rùn kíkan.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìdíje, ó ń gba ẹ̀bá gọ́tà wọlé, kí fèrè tó ké. Bí ó bá ti ké, á fọ ìkòkò kan sínú omi lábẹ́ pátákó Alága, á sì da ẹ̀kúnwọ́ ọ̀fíọ̀ tẹ̀ lé e. Nùrẹ́nì á kọjú sí òdìkejì, á máa wo ọ̀nà bí ẹni pé tírélà mẹ́wàá ló ń bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ènìyàn bí ogójì tò yí adágún ká. Búrẹ́dì ni ìjẹ àwọn kan, ekòló ni ti àwọn mìíràn. Alága jókòó sáàárín àwọn àlejò tó pè; ìjẹ tirẹ̀ wà nínú agolo, ó ń ta sánsán. Mọ̀nsúrát gbé okùn ọ̀rá tó nípọn dé, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó ṣófo, ó sì jókòó ti ìkòkò dúdú rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò ju ohunkóhun sómi.

"Ìyá Ẹlẹ́wà," Alága ké láti orí àga rẹ̀, "ṣé ẹ wá pa ẹja ni, àbí ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà tàn án wọ ìkòkò?"

Ẹ̀rín sọ.

"Èyí tó bá rọrùn fún un nínú méjèèjì, bàbá," Mọ̀nsúrát dáhùn.

Fèrè aago méjì ké.

Ó dìde, ó fọ ìkòkò. Omi èépá tàn kálẹ̀. "Bísímílà," ó wí, ó sì rọra ju ìwọ̀ sáàárín rẹ̀. Omi wú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn yí padà lábẹ́ aṣọ ìbora. Lójijì, okùn náà le gbagidi.

Kò bá a jà. Ó ju kẹ́ẹ̀gì sómi, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Kẹ́ẹ̀gì sáré gba àárín adágún, ó rì, ó tún yọ, ó gba iwájú àga Alága kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Alága gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni rí ejò. Nígbà tí wákàtí kan kọjá, ó ti rẹ ẹja. Mọ̀nsúrát wọ omi dé orúnkún, ó sì fi àpò ìrẹsì gbé e. Kílò mọ́kànlá àbọ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá Fáìzàh, ẹ ṣe é. Fìríìsà ti di tiyín. Ẹ jẹ́ ká dá ẹja yìí padà sómi, ẹ jọ̀ọ́. Ààyè yín pàápàá, lọ́la ni mo máa ní kí wọ́n tún àtíbàbà yẹn kọ́."

Mọ̀nsúrát wo ilẹ̀ tí àtíbàbà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó wo ẹnu géètì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú jáde wá wòran. Oúnjẹ ọdún púpọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Alága, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún wo pátákó.

"Alága, ṣé ẹ ò ní ẹni tó bá mú un ló ni ín?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́..."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

Ó fi ọmọ orógùn lu ẹja náà lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lábẹ́ pátákó náà ló ti gbé àdògán kalẹ̀, tó họ ìpẹ́, tó gé ẹja, tó sì sè é. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tò ní ìlà. Wọ́n tò.

Orí ẹja náà ló bù kẹ́yìn. Ó gbé e sínú abọ́ tó tóbi jù nínú mẹ́jọ, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó sì gbé e fún Nùrẹ́nì.

"Gbé e fún Alága níwájú àwọn àlejò wọn. Sọ fún wọn pé àgbà ló ni orí ẹja. Sọ fún wọn pé mo fọ̀ ọ́ dáadáa, kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀."

Nígbà tí Nùrẹ́nì padà dé, ó di ẹnu rẹ̀ mú kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

"Wọ́n gbà á?"

"Níwájú àlejò! Báwo ni wọn ò ṣe ní gbà á?"

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ń wò ó, Ìyá Fáìzàh. Òun náà ń wò wọ́n."

Mọ̀nsúrát rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìjòkó ló ṣì ti ń tajà, oníbàárà kò sì pọ̀. Fèrè kò ké débẹ̀, ṣùgbọ́n bí aago méjì bá ti lù, ọwọ́ rẹ̀ a máa lọ bá ìkòkò fúnra rẹ̀. Abọ́ méje ló ń tò sínú ara wọn lálaalẹ́ báyìí. Àwọn kan ti ní kí ó ránṣẹ́ lọ gba ìkẹjọ lọ́wọ́ Alága. Kò gbà. Nígbàkígbà tó bá rántí ibi tí abọ́ náà wà, oorun rẹ̀ a máa dùn.