Ọkọ̀ Tó Yá Jù Lọ ní Òkukù

Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ fíta, iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, ní Ìkìrun ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ náà fún mi, kí n tó fi ojú ara mi kàn án. Ó ní òyìnbó kan tó ń ra kòkó ló ni ín, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹlẹbẹ kan báyìí, onílẹ̀kùn méjì, tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá nílùú wọn. Ó ní bí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ ṣí ní Ìkìrun, òyìnbó náà á fara ti ọkọ̀ rẹ̀, á máa fa sìgá. Ó di ìgbà tí rélùwéè bá fọn fèrè, tó lọ, tí èéfín rẹ̀ sì pòórá, kí ó tó sọ sìgá nù, á sì tún ṣáájú rẹ̀ dé Òkukù. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, n kò lè sọ. Ọ̀gá mi kì í parọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ọ̀rọ̀ òyìnbó, ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ̀.

Nígbà tí mo gbòmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, ní nǹkan bí ìgbà tí ìlú wa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, mo lọ kọ́ àtíbàbà iṣẹ́ tèmi sí Òkukù. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọkọ̀ náà lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí. Olówó rẹ̀ ti lọ sílé, ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kò ní taya, dígí iwájú rẹ̀ ti fọ́, koríko ti gba inú ẹ́ńjìnnì yọ, adìẹ sì ń yé sórí ìjókòó. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ní mo fẹ́ rà á. Ó ní kí n kó àwọn ẹyin náà mọ́ ọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀dọ́ ni mo fi ń wò ó, irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í sì í rí ìpẹtà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó nígbà náà. Ọmọ Ìníṣà ni, ó ń ta àwo tánńganran káàkiri ọjà, orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé iwájú ilé wa, ó yí i po, ó fọwọ́ kàn án níhìn-ín, ó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, ó wá ní ṣebí bí mo bá tún un ṣe tán, a ó máa fi kó èrò láti Òkukù dé Ìkìrun, kí òun náà lè yé fi orí ru àwo. Mo ní rárá, pé ọkọ̀ eré kì í ṣe ọkọ̀ èrò, kí ó jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ṣé eré náà la ó máa jẹ lálẹ́?"

Owó kò sí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí àwọn onílọ́rì bá fún mi, mo máa ń pín in láàárín ilé àti ọkọ̀, ọkọ̀ sì mọ bí a ti ń rẹ́ ilé jẹ. Mo kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, mo fi karosíìnì fọ̀ ọ́ títí irin fi dán. Mo tẹ́ sáńpépà sórí dígí, mo dojú ọmọrí ẹ́ńjìnnì dé e, mo ń yí i lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó lè fẹ́lẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé bí àyè tí epo ti ń gbiná bá ṣe há tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ tó. Kabúrétọ̀ ńlá tí mo dè mọ́ ọn, ara lọ́rì kan tó ṣubú sí Odò Ọ̀tìn ni mo ti tú u. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìníṣà ló bá mi fi sípíríǹgì lọ́rì rọ òmíràn tó le, tó sì mú ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, kí ó má baà máa fì ní kọ́nà. Mo yọ sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́nu, mo fi páìpù gbọọrọ dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tanná sí i, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò já okùn, baba kan tó ti bá àwọn òyìnbó jagun dé Bọ́mà sì jáde wá bèèrè bóyá ogun ti tún dé.

Mo fi taya àlòkù mẹ́rin sí i lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un fúyẹ́. Ohunkóhun tí kò bá ti ran eré lọ́wọ́, mo tú u dànù: bọ́ńpà, kápẹ́ẹ̀tì, títí kan ìjókòó ẹ̀yìn lódindi. Inú ẹ̀yìn ọkọ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàwó mi gbé ìjókòó náà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń jókòó lé e. Ó ní èrè òun nìyẹn lára ọkọ̀.

Awakọ̀ takisí kan wà ní Ìníṣà tó ní ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ewé, tí ọkọ̀ kankan kò tíì yà sílẹ̀ rí lójú ọ̀nà wa. Òun ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ariwo ni mo rà, n kò ra ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le títí a fi ṣàdéhùn pé bí Ìleyá bá ti kọjá, a ó sá a láti Ìkìrun dé Òkukù, kí gbogbo ayé rí i. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Èmi náà rò ó pé bí mo bá borí, ìyàwó mi á gbà pé n kò fi ìyà jẹ òun lásán. Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé wa. Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń lé.

Ìleyá kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá ìyàwó mi, tí a ti gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, dágbére fáyé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ́kùnrin la jọ fi ọkọ̀ mi lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú wa ló sì ṣe. Mùsùlùmí òdodo ni, a gbọ́dọ̀ sin ín ní Ìníṣà kí òòrùn tó wọ̀. Àwọn onílọ́rì tó wà ní gáréèjì ní àwọn kì í gbé òkú láìsí adìẹ ìrànà, ìyẹn adìẹ tí wọ́n máa ń tu ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí wọ́n bá ń gbé òkú relé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ẹ̀sìn baba òun kò gba ìyẹn. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà, òòrùn ń yí. Nígbà tó ṣe, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi tó tẹ́jú, ó ní, "Àna wa, ṣé ẹ ò ní ṣàánú wa?"

Àna kì í kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A tẹ́ ẹní, a tẹ́ baba sórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jókòó tì mí, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó dì í mú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ tẹ ọkọ̀ náà dópin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó fò. Gbogbo ohun tí mo ti fá, tí mo ti rọ, tí mo ti yọ dànù, gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Nígbà tí a ń wọ Ìkìrun, àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, wọ́n rò pé mò ń dán an wò de ọjọ́ eré ni, wọ́n sáré bọ́ sétí ọ̀nà, wọ́n ń ju fìlà sókè, wọ́n ń hó. Wọn kò mọ ẹni tó sùn lẹ́yìn mi. Ọwọ́ mi kan ti gòkè láti dá wọn lóhùn kí n tó rántí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. A sì sin baba kí òòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá mi. Bí ẹnìkan bá kú sí ibi tó jìnnà, Ìlọrin ni o, Ìbàdàn ni o, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe fíta Òkukù, pé kì í bèèrè adìẹ, ọkọ̀ rẹ̀ sì yá. Oníjọ Onítẹ̀bọmi wá, Aládùúrà wá, Mùsùlùmí wá. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni. Ó tún di ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ta ló máa wo ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kó ní rárá? Wọ́n ń fún mi ní ohun ọpẹ́, ohun ọpẹ́ náà ni mo sì ń fi ra ohun tó kù lára ọkọ̀. Ìyá àgbà kan tí mo gbé lọ sí Ìgbàyé ló ra taya iwájú tuntun. Tíṣà kan tó kú sí Ìbàdàn ló ra dígí. Àwọn ọmọ olóògbé kan ní Ìkìrun ló ṣe búrékì. Bí òkú ṣe ń pọ̀ ni ọkọ̀ ń dára sí i, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo parí rẹ̀ tán, kò sí irú rẹ̀ láti Òṣogbo dé Ọ̀fà, kò sì sí alààyè tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Mo lọ bá awakọ̀ Ìníṣà ní gáréèjì wọn, mo ní Ìleyá ti kọjá tipẹ́, ìgbà wo la ó sá a? Ó ń jẹ orógbó. Ó wo ọkọ̀, ó tún wò mí.

"Èmi ò bá pósí sáré, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá ṣíwájú, ikú ló ń lé mi. Bí mo bá kẹ́yìn, òkú ni mò ń sìn. Máa rọra lọ."

Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí ọkọ̀ mi bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Mo wakọ̀ padà sílé, mo ń bínú sí wọn pé òpè ni wọ́n.

Ní gbogbo ìgbà yìí, oyún ìyàwó mi ti hàn. Kò bá mi jà. Ó kàn ṣíwọ́ wíwọ ọkọ̀ náà ni. Á ru àwo rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ìníṣà, bí mo bá sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á yà bọ́ sínú koríko títí n ó fi lọ. Mo bi í léèrè. Ó ní aboyún kì í bá òkú pín ẹní. Mo ní kò sí òkú níbẹ̀ mọ́, mo ti fọ̀ ọ́. Ó ní irin ni mo lè fọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ìrọbí mú un. Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ìníṣà, ìyá agbẹ̀bí àdúgbò sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, ìyá agbẹ̀bí jáde sí mi, ó ń nu ọwọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ju agbára òun lọ, kí a tètè máa gbé e lọ sí Òṣogbo. Kò sí lọ́rì kan nílẹ̀. Gbogbo wọn ti kó èrò lọ sọ́jà. Mo sáré lọ gbé ọkọ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà, mo tẹ́ tìmùtìmù sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi iná rẹ̀ sílẹ̀ kó máa hó. Àwọn obìnrin méjì fà á lọ́wọ́ jáde. Ó dé ibi ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bojú wo inú rẹ̀. Ó wá yọ ọwọ́ kúrò.

"Ibi tí wọ́n tẹ́ bàbá mi sí kọ́ ni wọn ó tẹ́ mi sí. Ẹ pa á."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́, pé ọkọ̀ yìí á gbé wa dé Òṣogbo kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná. Ìyá náà kò bínú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ọmọ tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi. A mọ̀ pé ó yá. Ibi tó máa ń yá lọ là ń sá fún."

Mo pa iná ọkọ̀. Wọ́n mú un padà sínú ilé.

Òòrùn ti dé àtàrí nígbà tí lọ́rì kan dé láti Ìgbàyé, ó kún fún iṣu. A sọ iṣu kalẹ̀, a tẹ́ ìyàwó mi sáàárín àwọn obìnrin. Àyè kò sí fún mi níbẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe wọ ọkọ̀ mi tẹ̀ lé wọn. Lọ́rì náà ti gbó, ó ń wúkọ́ ní gbogbo òkè. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó yá jù lọ lójú ọ̀nà yẹn, mò ń fi gíá kìíní rọra wọ́, mò ń jẹ eruku rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mi ń jà láti kọjá, mò ń dá a dúró. A la Ìníṣà já bẹ́ẹ̀. A la Ìkìrun já bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ju fìlà.

Wọ́n rí ọmọ gbà láàyè. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde, ó bi mí pé ibo la ti ń bọ̀; mo sọ fún un. Ó wo ojú òòrùn, ó ní a pẹ́ kí a tó gbé ìyá rẹ̀ dé. Nígbà tó di pé a fẹ́ gbé ìyá ọmọ padà sílé, onílọ́rì Ìgbàyé ti lọ, àwọn tó wà ní gáréèjì sì tún ń sọ̀rọ̀ adìẹ. Ìyá ìyàwó mi gbé ọmọ dání, ó wo ọkọ̀ mi, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ fún un mọ́. Orí tìmùtìmù tí mo tẹ́ láàárọ̀ náà la tẹ́ ẹ sí. N kò sáré. N kò tún sáré mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo tú ọkọ̀ náà ní ẹyọ ẹyọ, bí mo ṣe tò ó. Àwọn ará ìlú wa kò fẹ́ ohunkóhun lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni onílé-ọlọ kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá rà lọ, ó fi ń lọ gbágùúdá, àwọn tó ń jẹ gàrí rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan. Ọmọ náà obìnrin ni. Ìyá ìyàwó mi ló tọ́ ọ dàgbà, ó ti wà nílé ọkọ báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ti ìyá rẹ̀. Ní Òkukù, àwọn kan ní èèwọ̀ ló pa ìyàwó mi, àwọn kan ní ọkọ̀ ni. Bí mo bá ti yọ sí wọn, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ náà sí ti òjò.

Mo ti gbé e yẹ̀ wò láti ìgbà yẹn títí ewú fi ń yọ lórí mi. Bí mo bá fi agbára gbé e sínú ọkọ̀, bóyá ì bá yè, bóyá ẹ̀rù ì bá pa á kí a tó dé Ìníṣà. Ọwọ́ tó gbé lé ilẹ̀kùn, mo ń rí i. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bó bá jẹ́ ìwọ lo dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí aya rẹ wò ọ́ lójú pé kí o pa iná ọkọ̀, ṣé o ò ní pa á?